Wẹ́bùsáìtì ilé iṣẹ́ ìjọba tí akàndá ẹ̀dá náà á lè lò: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè táwọn tó ń bójú tó sáìtì ilé iṣẹ́ ìjọba, yunifásítì, ọsibítù, kóòtù àti ilé ìkàwé sábà máa ń béèrè ló wà nísàlẹ̀ yìí. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ kà á tẹ̀ léra, èyí tó bá kàn yín ni kẹ́ ẹ lọ bá. Ìdáhùn míì gùn, òmíì ò ju gbólóhùn díẹ̀ lọ torí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ò pọ̀.

Kí ló tiẹ̀ ń jẹ́ sáìtì tí akàndá lè lò?

Òun ni sáìtì tí ẹni tí ò ríran, ẹni tí ò gbọ́ràn, ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n tí ò lè lo máòsì, ẹni tó máa ń pẹ́ kí ohun tó ń kà tó yé e, lè wọ̀, kó rí ohun tó wá, kó kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀, kó fi ránṣẹ́, kó sì jáde láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ fojú sí ibi "láìbẹ ẹnikẹ́ni" yẹn dáadáa o. Àìmọye ọ̀gá ló máa ń sọ pé "ṣebí ọmọ ẹ̀ lè bá a kà á." Ọmọ ẹ̀ lè bá a kà á lóòótọ́, àmọ́ ṣé ọmọ náà ló yẹ kó kọ́kọ́ rí èsì àyẹ̀wò ọsibítù ẹ̀ ni, kó mọ iye owó ìfẹ̀yìntì tó ń gbà, kó tún wá mọ pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀? Àgbàlagbà ni, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí àṣírí tiẹ̀ bíi ti gbogbo wa.

Ká sòótọ́, àwọn akàndá tó ń wá sórí sáìtì wa ò pọ̀. Ṣé ó tó ohun tá à ń náwó lé?

Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé wọn ò pọ̀? Ẹ̀rọ tó ń ka iye èèyàn tó wọ sáìtì ò lè sọ fún yín pé afọ́jú lẹni tó wọlé, torí sọ́fíwìà táwọn afọ́jú ń lò kì í kéde ara ẹ̀ fún sáìtì. Ẹni tí ò bá sì rí ọ̀nà gbà, ṣe ló máa kúrò níbẹ̀ kíá, tẹ́ ẹ bá wá wo àkọsílẹ̀ yín, sáìtì tó burú jù ló máa dà bíi pé akàndá ò tiẹ̀ nífẹ̀ẹ́ sí i rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.3 èèyàn ló ní ìpèníjà ara tó lágbára, ìyẹn ẹnì kan nínú èèyàn mẹ́fà láyé. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ lèèyàn ń fojú rí. Ẹni tójú ẹ̀ ti ń ṣú nítorí ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ẹni tí ò lè fìyàtọ̀ sáàárín pupa àti àwọ̀ ewé wà níbẹ̀, ẹni tí lẹ́tà máa ń dàrú mọ́ lójú tó bá ń kàwé náà wà níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń fẹ́ káwọn ilé iṣẹ́ ìjọba rò dáadáa. Tí ṣọ́ọ̀bù kan ò bá ṣeé wọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èèyàn á gba ṣọ́ọ̀bù míì lọ. Ibo lèèyàn fẹ́ lọ tí sáìtì tí wọ́n ti ń gba ìwé ìrìnnà ò bá ṣeé lò? Ẹyọ kan ṣoṣo náà ló wà. Ẹ̀yin nìkan lẹ ní in, ẹ̀yin nìkan lẹ sì lè ṣí i.

Ṣé òfin kan fi dandan mú wa?

Níbi tó pọ̀ lónìí, bẹ́ẹ̀ ni. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2006 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní May 2008, dárúkọ íntánẹ́ẹ̀tì gan-an nínú abala 9. Amẹ́ríkà ní òfin tí wọ́n ń pè ní Section 508 fáwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ní April 2024 wọ́n tún gbé ìlànà míì jáde fún ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe tiwọn ní 2016, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 2018, Nàìjíríà náà ní òfin tó ka yíya akàndá sọ́tọ̀ léèwọ̀, January 2019 ni wọ́n buwọ́ lù ú. Ẹ bi lọ́yà ilé iṣẹ́ yín léèrè èyí tó kàn yín.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ẹ sọ ti Bruce Maguire fún un. Afọ́jú ni, ọmọ Ọsirélíà, ó fẹjọ́ ìgbìmọ̀ tó ṣètò ìdíje Olympic Sydney 2000 sùn pé òun ò lè lo sáìtì wọn: àwòrán ò ní àlàyé, ojú ìwé tó kó orúkọ gbogbo eré ìdárayá jọ ò ṣeé dé, tábìlì èsì eré náà ò ṣeé kà. Ìgbìmọ̀ yẹn ní iṣẹ́ àtúnṣe náà á gbà ju ọdún kan lọ, owó tó máa ná wọn ò sì kéré. Àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ náà ò gbà fún wọn. Ní August 2000 wọ́n dá Maguire láre, nígbà tí wọn ò sì tún sáìtì ṣe tán bó ṣe yẹ, wọ́n ní kí wọ́n san 20,000 dọ́là Ọsirélíà fún un. Ó ti ju ogún ọdún lọ báyìí, àwáwí "iṣẹ́ yẹn á pọ̀ jù" yẹn ṣì ni mò ń gbọ́ káàkiri.

WCAG tí gbogbo èèyàn ń pè yìí, kí ni?

Ìlànà tí W3C, àwọn tó ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù lágbàáyé, kọ sílẹ̀ ni. Àkọ́kọ́ jáde ní 1999, 2.0 jáde ní 2008, 2.1 ní 2018, 2.2 ní October 2023. Ó ní ìpele mẹ́ta, A, AA àti AAA, AA sì ni ọ̀pọ̀ òfin ń béèrè. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé ẹ fẹ́ ka gbogbo ẹ̀ tán, oorun á gbé yín lọ. Ohun mẹ́rin ló dúró lé lórí: kí èèyàn lè fojú tàbí etí tàbí ọwọ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀, kó lè lò ó, kó yé e, kó sì ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yòówù tó bá gbé wá. Tẹ́ ẹ bá ti mú mẹ́rin yìí lọ́wọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú ìlànà yẹn ẹ lè fi làákàyè mọ̀ ọ́n.

Báwo lẹni tí ò ríran ṣe ń lo kọ̀ǹpútà gan-an?

Screen reader ni wọ́n ń lò, ìyẹn sọ́fíwìà tó ń ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ síta tàbí tó ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ braille tọ́wọ́ ń kà. JAWS wà, owó ni wọ́n fi ń rà á. NVDA wà, ọ̀fẹ́ ni, Michael Curran ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2006, òun àti James Teh ni wọ́n jọ gbé e ró, afọ́jú sì làwọn méjèèjì. VoiceOver ti wà nínú iPhone àti Mac látilẹ̀, TalkBack sì wà nínú Android, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà nínú fóònù tẹ́ ẹ dì mú yìí, ẹ ò kàn tíì tàn án rí ni.

Ohun tí kì í yé àwọn tó ríran ni pé afọ́jú kì í jókòó gbọ́ ojú ìwé látòkè délẹ̀. Bẹ́yin ṣe ń sáré fojú wo ojú ìwé kẹ́ ẹ tó mọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kà, òun náà ń sáré, etí ló fi ń sá a. Ó lè tẹ lẹ́tà H lórí kíbọọ̀dù, á fò láti àkọlé kan sí èkejì. Ó lè ní kí ẹ̀rọ kó gbogbo líǹkì jọ fóun. Ẹ wá wò ó pé ẹ ò ṣe àkọlé yín bí àkọlé, ẹ kàn mú ọ̀rọ̀ lásán ẹ sì mú un tóbi ẹ sì mú un dúdú kirikiri. Lójú yín àkọlé ni, létí tiẹ̀ ọ̀rọ̀ lásán ni, kò sí ibi tó máa fò sí. Ẹ tún wá kọ "tẹ ibí" sórí líǹkì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ohun tó máa gbọ́ ni tẹ ibí, tẹ ibí, tẹ ibí, tẹ ibí, kò ní mọ èwo ni fọ́ọ̀mù owó orí, èwo ni àdírẹ́sì ọ́fíìsì. "Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun" ni kẹ́ ẹ kọ sórí líǹkì yẹn, ó tán.

Àlàyé àwòrán, kí la máa kọ síbẹ̀?

Ẹ bi ara yín pé, tí àwòrán yìí ò bá sí, kí ni mi ò bá kọ sípò ẹ̀? Ohun yẹn ni kẹ́ ẹ kọ sí alt, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kọ àlàyé àwòrán sí nínú kọ́ọ̀dù. Tó bá jẹ́ fọ́tò ọ̀gá àgbà tó ń bọ àlejò lọ́wọ́, gbólóhùn kan ti tó. Tó bá jẹ́ àwòrán olókè-nísàlẹ̀ tó ń fi bí ìnáwó ṣe lọ hàn, ẹ kọ kókó ẹ̀ sí alt kẹ́ ẹ sì gbé iye gbogbo ẹ̀ sínú tábìlì nísàlẹ̀ ẹ̀. Tó bá jẹ́ òdòdó tẹ́ ẹ kàn fi ṣe ọ̀ṣọ́, alt="" ni kẹ́ ẹ fi sí i, òfìfo, kí screen reader lè fò ó. Ẹ má yọ alt kúrò pátápátá o, torí àwọn kan nínú screen reader á bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ fáìlì síta, IMG àmì-ìlà-ìsàlẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé...

Pósítà ìkéde ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́, aago, ibi ìpàdé, nọ́ńbà tí wọ́n máa pè, gbogbo ẹ̀ inú àwòrán ni, ẹnì kan á wá kọ "pósítà ìpàdé" sí alt ẹ̀. Kí ni afọ́jú fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

A ti gbé gbogbo ìwé wa sórí sáìtì ní PDF, ṣé ìyẹn ò tó?

Ibi yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ sáìtì ìjọba ti ń ṣubú, ẹ jẹ́ ká lo àkókò díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Wọ́n tẹ lẹ́tà ìkéde lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ gidi ni nígbà yẹn, screen reader lè kà á. Wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà kí ọ̀gá lè buwọ́ lù ú, wọ́n lu òǹtẹ̀, wọ́n tún wá ya pépà yẹn padà sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n wá gbé e sórí sáìtì. Ohun tó gorí sáìtì kì í ṣe ìwé mọ́, fọ́tò ìwé ni. Screen reader dé ibẹ̀, kò rí lẹ́tà kankan, ó sọ pé ojú ìwé òfìfo ni. Ẹni tó ríran àmọ́ tó ń lo fóònù náà ò lè ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, kò lè wá ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, Google pàápàá ò fi bẹ́ẹ̀ rí i kà dáadáa. Ìbuwọ́lùwé àti òǹtẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi sọ odindi ìwé di fọ́tò.

Ọ̀nà àbáyọ ò le. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ inú ìkéde yẹn sórí ojú ìwé sáìtì gan-an bí ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ wá fi líǹkì èyí tó ní òǹtẹ̀ sísàlẹ̀ fẹ́ni tó bá nílò ẹ̀. Tó bá jẹ́ dandan ni kó jẹ́ PDF, látinú Word ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́ di PDF tààrà, kì í ṣe látorí pépà, kẹ́ ẹ sì ti lo àkọlé gidi, lísìtì gidi àti àlàyé àwòrán nínú Word yẹn kẹ́ ẹ tó ṣe é, torí ohun tẹ́ ẹ bá ṣe síbẹ̀ ló máa bá a dé inú PDF. Ìlànà kan tiẹ̀ wà fún PDF nìkan tí wọ́n ń pè ní PDF/UA, látọdún 2012 ló ti wà. Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹ̀rọ tó máa ń sọ fọ́tò di ọ̀rọ̀, ó wúlò o, àmọ́ ó máa ń jẹ àmì ohùn àti àmì ìdí ọ̀rọ̀ Yorùbá jẹ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ka èsì ẹ̀ kó tó gorí sáìtì.

Ẹ̀ẹ̀dẹ́gbẹ̀rún PDF tó ti wà ńlẹ̀ látijọ́ ńkọ́? Ẹ má fi ìyẹn dá ara yín dúró. Òfin Yúróòpù pàápàá yọ àwọn ìwé tó ti wà lórí sáìtì ṣáájú September 23, 2018 sílẹ̀, àfi èyí táwọn èèyàn ṣì nílò láti fi ṣe nǹkan lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ náà. Ìlànà tó dáa nìyẹn níbikíbi: fọ́ọ̀mù táwọn èèyàn ń kọ lónìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, ìròyìn ọdọọdún tí ò sẹ́ni tó ń ṣí i mọ́ lè dúró.

Èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí sáìtì wa, ṣé ìyẹn kan ọ̀rọ̀ yìí?

Ó kàn án dáadáa. Nínú kọ́ọ̀dù ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ibì kan wà tẹ́ ẹ ti ń sọ èdè tí ojú ìwé náà jẹ́. Fún Yorùbá, lang="yo" ni, fún Gẹ̀ẹ́sì lang="en". Ohun tí screen reader ń wò kó tó mọ ohùn tó máa fi kàwé nìyẹn. Tí ojú ìwé bá jẹ́ Yorùbá tẹ́ ẹ sì kọ "en" síbẹ̀, á gbìyànjú láti fi ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ka Yorùbá, ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ọ. Tí ìpínrọ̀ kan bá jẹ́ èdè míì láàárín ojú ìwé, ẹ fi àmì èdè sórí ìpínrọ̀ yẹn nìkan.

Ẹ tún lo lẹ́tà Unicode gidi, ìyẹn ètò lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà òde òní mọ̀, ẹ ọ ṣ pẹ̀lú àmì wọn, ẹ má lo fọ́ǹtì àtijọ́ tó ń fi lẹ́tà míì díbọ́n bí ọ̀. Lójú ó máa jọ ọ̀, nínú kọ̀ǹpútà nǹkan míì ni, nǹkan míì yẹn sì ni screen reader máa kà. Àpótí ìwákiri yín náà, tẹ́nì kan bá tẹ "owo ori" láìsí àmì, kó bá a rí "owó orí" jàre, torí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní kíbọọ̀dù àmì.

A gbọ́ pé ó gbọ́dọ̀ ṣeé fi kíbọọ̀dù nìkan lò. Báwo la ṣe máa mọ̀ bó bá ṣeé ṣe?

Ẹ gbé máòsì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ máa tẹ Tab láti lọ síwájú, Shift pẹ̀lú Tab láti padà sẹ́yìn, Enter láti ṣí líǹkì, spacebar láti tẹ bọ́tìnì tàbí láti máàkì àpótí. Ẹ wá gbìyànjú ohun kan táwọn aráàlú ń wá ṣe lórí sáìtì yín, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣé ẹ̀ ń rí ibi tẹ́ ẹ wà lójú ẹ̀rọ? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò ní ṣeé rí, torí ẹni tó ya sáìtì náà rò pé ìlà tó máa ń yí bọ́tìnì ká yẹn ò dùn ún wò, ó wá kọ outline: none sínú CSS ẹ̀, ìyẹn kọ́ọ̀dù tó ń sọ bí sáìtì ṣe máa rí lójú. Ìlà yẹn lojú ẹni tó ń lo kíbọọ̀dù, ẹ dá a padà. Ṣé àpótí tó fò jáde sójú yín ṣeé tì láìlo máòsì, àbí ẹ há sínú ẹ̀? Ṣé mẹ́nù kan wà tí kì í ṣí àfi téèyàn bá fi máòsì rá a lórí? Ó tún dáa kí líǹkì àkọ́kọ́ lójú ìwé jẹ́ èyí tó ń gbé èèyàn fo mẹ́nù lọ sínú ọ̀rọ̀ gan-an, kéèyàn má bàa máa tẹ Tab ogójì ìgbà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan.

Kì í ṣe afọ́jú nìkan lèyí wà fún o. Àwọn tó ń fi bọ́tìnì kan ṣoṣo, tàbí ọ̀pá tí wọ́n dì mú lẹ́nu, tàbí ohùn wọn darí kọ̀ǹpútà, ọ̀nà kan náà tí kíbọọ̀dù ń gbà ni ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ wọn ń gbà. Fẹ́ni tọ́wọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, WCAG 2.2 ní kí ohun téèyàn máa tẹ̀ má kéré ju píkísẹ́lì 24 níbùú àti lóròó.

Àwọ̀ ńkọ́?

Ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ọ̀rọ̀ lásán gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ tó 4.5 sí 1, ọ̀rọ̀ ńlá 3 sí 1. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa bá yín wọ̀n ọ́n. Látọdún 2019 ni WebAIM, àjọ kan tó ń rí sí bí akàndá ṣe ń lo wẹ́ẹ̀bù, ti ń yẹ ojú ìwé àkọ́kọ́ mílíọ̀nù kan sáìtì wò lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ tó ràn mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ yìí ló sì máa ń ṣe ipò kìíní nínú àṣìṣe tí wọ́n ń rí, eérú lórí funfun, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì fi àwọ̀ nìkan sọ̀rọ̀: "ibi tó pupa ni kẹ́ ẹ kọ" ò wúlò fẹ́ni tí ò mọ pupa yàtọ̀, láàárín àwọn ọkùnrin tí orírun wọn jẹ́ àríwá Yúróòpù, bí ẹnì kan nínú méjìlá ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tì í. Ẹ má sì dí èèyàn lọ́wọ́ láti fi ìka fa ojú ìwé tóbi lórí fóònù.

Fọ́ọ̀mù wa máa ń lé àwọn èèyàn sá. Kí ló ń fà á?

Ó lè jẹ́ ohun mẹ́ta mẹ́rin. Àkọ́kọ́, àpótí tí ò ní orúkọ. Wọ́n kọ "Orúkọ bàbá" sínú àpótí gan-an pẹ̀lú lẹ́tà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, téèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ó ti pòórá, ẹni tó máa ń gbàgbé nǹkan kíá ò ní mọ ohun tí wọ́n bi í mọ́, screen reader míì ò tiẹ̀ ní kà á. Ẹ fi label gidi sókè àpótí kọ̀ọ̀kan, kó so mọ́ ọn nínú kọ́ọ̀dù.

Èkejì, àṣìṣe tí ò sọ ara ẹ̀. "Ohun kan ò tọ̀nà" pẹ̀lú ìlà pupa. Èwo ni ò tọ̀nà? Ẹ sọ pé "Nọ́ńbà fóònù ẹ ò pé, ó yẹ kó jẹ́ 11, 10 lo kọ", kẹ́ ẹ sì gbé èèyàn lọ síbi tó ti ṣẹlẹ̀, kẹ́ ẹ má sì pa gbogbo ohun tó ti kọ rẹ́, ìwà ìkà nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, àkókò. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tó ń ka ìwé síta, tàbí tó ń fi ìka kan tẹ̀wé, máa pẹ́ ju yín lọ. Tí ètò yín bá máa ń ti ara ẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ kìlọ̀ fún un ṣáájú, kẹ́ ẹ fún un ní 20 sẹ́kọ́ńdù ó kéré tán láti fi tẹ nǹkan kan tó rọrùn kó lè gba àkókò sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni CAPTCHA, àwòrán tí wọ́n ní kéèyàn yan ibi tí iná ojú pópó wà kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Afọ́jú ò lè ṣe é. Ẹ gbé ti ohùn wá, adití ò lè ṣe ìyẹn, ẹni tí ò ríran tí ò sì gbọ́ràn ò lè ṣe ìkankan. Ẹ jẹ́ kí sáfà yín fúnra ẹ̀ máa wo bí wọ́n ṣe ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, kẹ́ ẹ fi àpótí kan pa mọ́ tí róbọ́ọ̀tì nìkan ló máa kọ nǹkan sí, èèyàn ò ní mọ̀ pé ìdánwò kankan wáyé. Ẹ sì jẹ́ káwọn èèyàn lè lẹ pásíwọ́ọ̀dù mọ́ ibi tó yẹ. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé dídí èyí lọ́wọ́ ló ń dáàbò boni, wàhálà lásán ló dá sílẹ̀.

Fídíò ìpàdé wa ńkọ́?

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sísàlẹ̀ fídíò fáwọn tí ò gbọ́ràn. Èyí tí ẹ̀rọ bá kọ fúnra ẹ̀, ẹ kà á kẹ́ ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, orúkọ èèyàn àti nọ́ńbà ló máa ń ṣì jù. Tí ohun kan bá wà lójú fídíò tí ò sẹ́ni tó fẹnu sọ ọ́, bí àdírẹ́sì tó kàn hàn lójú ẹ̀rọ, ẹ rí i pé ẹnì kan kà á síta. Adití tó jẹ́ pé èdè àmì ni èdè àbínibí ẹ̀ lè má gbádùn kíkà tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà fún ìkéde pàtàkì, pàápàá ti pàjáwìrì, ẹ wá ògbufọ̀ èdè àmì, kẹ́ ẹ má sì gé e kúrò nínú fídíò nígbà tẹ́ ẹ bá ń tún un ṣe. Fídíò tó ń kọ iná mànàmáná ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní sẹ́kọ́ńdù kan lè fa wárápá, ẹ má gbé irú ẹ̀ síbẹ̀ rárá.

Ẹnì kan fẹ́ ta nǹkan kan fún wa, ó ní ìlà kọ́ọ̀dù kan péré la máa fi sí i, àwòrán akàndá kékeré á yọ ní igun, gbogbo ẹ̀ á ti bá òfin mu. Ká rà á?

Ẹ má rà á. Kò sí bí kọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé lé orí sáìtì ṣe fẹ́ mọ ohun tó wà nínú PDF oní-fọ́tò yín tàbí ohun tí label tí ò sí níbẹ̀ ì bá jẹ́. Àwọn afọ́jú ti ní screen reader tiwọn tẹ́lẹ̀, òmíì nínú nǹkan wọ̀nyí sì máa ń bá a jà. Ní 2025, àjọ tó ń rí sí òwò ní Amẹ́ríkà, FTC, ní kí iléeṣẹ́ kan tó ń ta irú nǹkan yìí san mílíọ̀nù kan dọ́là torí ó ń polówó pé ọjà òun lè mú kí sáìtì èyíkéyìí bá WCAG mu. Ẹ fi owó yẹn san ẹni tó máa tún kọ́ọ̀dù ṣe.

Ṣé ká kàn ṣe ẹ̀dà sáìtì kejì, ọ̀rọ̀ nìkan, fún wọn?

Rárá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kò sẹ́ni tó máa rántí ẹ̀, ìkéde tuntun á wà lórí èkíní, ti ọdún tó kọjá á wà lórí èkejì.

Irinṣẹ́ àyẹ̀wò sọ pé sáìtì wa gba máàkì tó ga. Ṣé a ti yege?

Ẹ kú oríire, àmọ́ ẹ má tíì jó. WAVE, axe àti Lighthouse dáa, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, ẹ máa lò wọ́n. Wọ́n lè sọ fún yín pé àwòrán kan ò ní alt, wọn ò lè sọ fún yín pé alt tẹ́ ẹ kọ, irọ́ ni. Ní 2017 àwọn tó ń bójú tó sáìtì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ ojú ìwé kan tí wọ́n kó àṣìṣe 142 sí, wọ́n wá ní káwọn irinṣẹ́ wá a. Kò sí ìkankan nínú wọn tó rí ìdajì.

Lẹ́yìn irinṣẹ́, ẹ fi kíbọọ̀dù ṣe é, ẹ tan NVDA tàbí TalkBack kẹ́ ẹ pajú dé, ẹ fa ojú ìwé tóbi dé ìlọ́po méjì kẹ́ ẹ wò ó bí nǹkan kan bá fara sin. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá pe akàndá gidi, oríṣiríṣi wọn, ẹ fún wọn níṣẹ́ ṣe lórí sáìtì, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ máa wò. Ẹ sanwó fún wọn o. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe fún yín, kì í ṣe àlejò ni wọ́n wá ṣe.

Ta ló ni iṣẹ́ yìí gan-an, àwọn ICT àbí?

Àwọn ICT lè kọ́ sáìtì tó pé pérépéré lónìí, kí òṣìṣẹ́ tó ń gbé ìròyìn sókè bà á jẹ́ láàárọ̀ ọ̀la. Ẹni tó ń ya pépà sínú kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń ṣe pósítà, ẹni tó ń kọ lẹ́tà tí ò sẹ́ni tó yé, ọ̀gá tó ní àfi kóun rí òǹtẹ̀ lórí ẹ̀, gbogbo wọn ló ń kọ́ sáìtì yẹn lójoojúmọ́ láìmọ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe tàwọn developer, tàwọn akọ̀wé ni. Àkọlé gidi, orúkọ líǹkì, alt, PDF látinú Word: ọ̀sán kan péré tó láti kọ́ wọn. Kí ẹnì kan pàtó sì wà tí orúkọ ipò ẹ̀ wà lórí iṣẹ́ náà, tó lè sọ fún ọ̀gá pé "sà, èyí ò lè gorí sáìtì bó ṣe wà yìí", kí ọ̀gá sì gbọ́.

A fẹ́ gbé sáìtì tuntun fún kọngilá. Kí la máa kọ sínú àdéhùn?

Ẹ kọ ọ́ gbangba pé WCAG 2.2 ìpele AA, pé akàndá máa yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó san owó tó kù, àti pé àtúnṣe àṣìṣe tí wọ́n bá rí wà lọ́rùn kọngilá láìgba owó míì. Ẹ wo ibi tàwọn òṣìṣẹ́ yín ti máa ń gbé nǹkan sókè pẹ̀lú, ṣé ó ń béèrè alt lọ́wọ́ wọn? Ṣé òṣìṣẹ́ yín tó jẹ́ afọ́jú lè lò ó? "Sáìtì wa máa ṣeé lò fún gbogbo èèyàn" tí wọ́n máa ń kọ sínú ìwé ìdíje yẹn ò so ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀.

Kò sówó lọ́wọ́ wa báyìí. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ mú iṣẹ́ márùn-ún táwọn aráàlú ń wá ṣe jù lórí sáìtì yín, ẹ fi kíbọọ̀dù àti screen reader ọ̀fẹ́ gbà á kọjá, ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti há sílẹ̀. Ẹ tún àwọ̀, label, alt àti lang ṣe, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í gbà ju wákàtí díẹ̀ lọ. Ẹ fòfin de PDF oní-fọ́tò láti ọ̀la lọ, ìyẹn ò náni ní kọ́bọ̀.

Tí akàndá kan bá kọ̀wé sí wa pé òun ò lè lo ibì kan, kí la máa ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ rí i pé ó ní ọ̀nà tó lè gbà kọ̀wé. Ojú ìwé kan gbọ́dọ̀ wà, tí líǹkì ẹ̀ wà nísàlẹ̀ gbogbo ojú ìwé yòókù, tó sọ ohun tí ò tíì dáa lórí sáìtì yín, ìgbà tẹ́ ẹ máa tún un ṣe, ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù téèyàn lè pè, pẹ̀lú ọ̀nà àtẹ̀jíṣẹ́ torí adití ò lè pè. Ẹ má purọ́ síbẹ̀ pé ohun gbogbo ti pé.

Tó bá ti kọ̀wé, ohun tó wá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún un, lọ́jọ́ yẹn, lọ́nà tó lè lò: ẹ ka fọ́ọ̀mù fún un lórí fóònù kẹ́ ẹ sì bá a kọ ọ́, tàbí kẹ́ ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ bí ọ̀rọ̀ gidi nínú ímeèlì. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ béèrè ẹ̀rọ tó lò àti ibi tó dé tó fi há, kẹ́ ẹ tún ibẹ̀ ṣe, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé padà sí i pé ẹ ti ṣe é, kó lọ dán an wò. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló máa ń gbàgbé lẹ́tà kejì yẹn.